Pèrègún Etí Odò

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ dáhùn kó dún. Ẹ̀yin ọmọ yìí kò lè jókòó lójú kan, bí ẹ ṣe ń yí sọ́tùn-ún lẹ ń yí sósì. Kò burú. Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà kò lè jókòó lójú kan. Kí ló dúró sí etí oko, kò lẹ́nu, kò fọhùn, síbẹ̀ òun ni ẹlẹ́rìí? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó gbé e mì ná. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó sì bà lé Àwẹ̀ró, opó Ọ̀yà.

Ọ̀yà kú, ó fi ìyàwó sílẹ̀, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, ó sì fi oko kan ṣoṣo sílẹ̀ létí odò. Oko yìí ni ogún àwọn ọmọ náà, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ, kò sí òmíràn. Àwẹ̀ró ìyá wọn ló ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ títí wọn yóò fi dàgbà. Ìjàpá ló ni oko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pèrègún mẹ́rin ni wọ́n gbìn tò sáàárín oko méjèèjì láti fi ṣe ààlà. Láyé ijọ́un, ibi tí pèrègún bá dúró sí ni ilẹ̀ oníkálùkù parí sí, kò sí àríyànjiyàn.

Ìjàpá wo oko tirẹ̀, igbó ni. Ó wo oko Ọ̀yà, iṣu ta, ewé rẹ̀ ń dán. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó dìde. Ó jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Yánníbo bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, ó ní ẹsẹ̀ ló ń yún òun.

Ohun kan wà tí ọ̀gbẹ́ni yìí mọ̀ nípa pèrègún. Bí ẹ bá tu ú lónìí, tí ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbòmíràn, kò ní kú. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, yóò rúwé bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wà látọdúnmọ́dún. Nígbà tí òjò ọ̀sán ń rọ̀, tí gbogbo ẹranko wà nínú ilé, Ìjàpá jáde. Ó tu ààlà, ó sì sún un wọ oko àwọn ọmọ aláìníbaba ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Orin ló ń kọ lábẹ́ òjò. Ẹ bá mi gbè é:

Pèrègún, dìde ńlẹ̀ —
Tẹ̀ẹ́tẹ̀, sún díẹ̀.
Ojú òjò kò rí wa —
Tẹ̀ẹ́tẹ̀, sún díẹ̀.

Òjò kejì, ó tún sún un. Òjò kẹta, ó sún un kọjá ogójì ebè, ó kọjá kòtò kan tí Ọ̀yà ti wa amọ̀ nígbà tó ń mọ ilé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé odò.

Àwẹ̀ró dé oko, ó rí i pé oko ti sún kì. Ó gba ọ̀dọ̀ Erin olórí igbó lọ. Erin pe àwọn àgbà jọ sórí ilẹ̀ náà, ó sì bèèrè ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbin ààlà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti kú tán. Ìjàpá fọwọ́ lé ewé pèrègún, ó búra pé ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà àti ohun tó wà nínú rẹ̀, òun ló ni ín. Inú Erin kò dùn, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹjọ́ ohun tí kò rí. Ó ní kí Àwẹ̀ró má tẹ ibẹ̀ mọ́.

Obìnrin náà sunkún. Ebè mélòó ló kù tí ọmọ mẹ́ta yóò jẹ? Ó nu ojú, ó ní, “Mo gbọ́, ẹ̀yin àgbà. Ṣùgbọ́n kòtò kan wà níbẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ àti ẹ̀gún ni mo fi ń dí i lẹ́nu láràárọ̀.”

“Kòtò mi ni,” Ìjàpá dá a lóhùn. “Má fẹnu kàn án.”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìjàpá kó gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ àti ẹ̀gún náà wálé, ó ní kí Yánníbo fi dáná iṣu. Yánníbo bèèrè ohun tí yóò dí kòtò. Ọkọ rẹ̀ ní ẹni tó bá lójú yóò rí i.

Òjò rọ̀, koríko tẹ̀ bo ẹnu kòtò. Ẹfọ̀n ń lọ mu omi, ó já sínú rẹ̀ gbì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kán. Ẹranko mẹ́fà ló fà á jáde.

Òfin igbó ni pé onílẹ̀ ló ń dí kòtò. Bí ẹnikẹ́ni bá jìn sí i, onílẹ̀ ni yóò máa bọ́ onítọ̀hún títí yóò fi rìn. Ẹ sì mọ bí Ẹfọ̀n ṣe ń jẹun.

Wọ́n tún jókòó. Ìjàpá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun sọ̀rọ̀. Ó ní Ọ̀yà ló gbẹ́ kòtò, ẹni tó bá sì jogún òkú, ó jogún gbèsè rẹ̀. Kí àwọn ọmọ Ọ̀yà lọ máa gé koríko fún Ẹfọ̀n. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sún mọ́ ìyá wọn. Inú máa ń bí mi bí mo bá dé ibí yìí, torí ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń sọ ni Ìjàpá fi ń rẹ́ni jẹ.

Erin bi í pé, “Ilẹ̀ ńkọ́? Ta ló ni ín?”

“Èmi ni.”

“Ṣé inú ilẹ̀ rẹ ni kòtò wà, àbí ó so rọ̀ sókè?”

Ìjàpá làágùn. Bí ó bá ní tòun ni, Ẹfọ̀n yóò jẹ òun run. Bí ó bá ní kì í ṣe tòun, iṣu lọ. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Níkẹyìn ó ní òun ti rántí, ilẹ̀ náà kì í ṣe tòun rárá, ti Ọ̀yà ni.

“Ta ló wá gbé pèrègún débí?”

“Òjò ni.”

Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín tòun ti ìrora ẹsẹ̀. Ìjàpá náà ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun ti bọ́. Bí ilẹ̀ bá padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ, kòtò náà padà sọ́rùn wọn nìyẹn. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n ó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, “Mo dí kòtò yẹn títí di ọjọ́ tí ẹ ní kí n má tẹ ibẹ̀ mọ́. Ta ló ṣí i?”

Yánníbo sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

“Èmi ni mo fi dáná. Òun ló kó o wá fún mi.”

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Erin ní ilẹ̀ padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ Ọ̀yà, ẹni tó ṣí kòtò ni yóò sì bọ́ ẹni tó jìn sí i. Wọ́n kó gbogbo ọmọ inú igbó jáde wá wòran, kí ẹlẹ́rìí má baà tún kú tán. Ìjàpá ń ru pèrègún padà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ sì ń kọrin mọ́ ọn:

Pèrègún, padà sílé —
Tẹ̀ẹ́tẹ̀, sún díẹ̀.
Ojú gbogbo wa rí ọ —
Tẹ̀ẹ́tẹ̀, sún díẹ̀.

Ẹsẹ̀ Ẹfọ̀n jinná láàárín oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ó ní ó ṣì ń dun òun díẹ̀díẹ̀, ó sì fi díẹ̀díẹ̀ yẹn jẹ koríko ọ̀fẹ́ fún ọdún kan gbáko. Kí Ìjàpá tó ráyè, igbó ti gba oko tirẹ̀, kò sì dáko mọ́ láti ìgbà náà. Ìdí nìyí tí ahun fi máa ń rìn díẹ̀, tí á dúró, tí á na ọrùn wo ọ̀tún, wo òsì, tí á tún fà á wọlé. Ó ń wò ó bóyá pèrègún wà níwájú, tàbí bóyá Ẹfọ̀n ń pè é. Àwọn ọmọ Ọ̀yà ń jẹ iṣu bàbá wọn.

Ibi tí mo gbin àlọ́ mi sí rèé. Bí mo bá sún un ní ìṣísẹ̀ kan kúrò ní àyè rẹ̀, kí ahọ́n mi má rúwé mọ́. Gbogbo yín ti gbọ́, ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí mi. Ó yá, ẹ lè dìde.