Ìdí Tí A Fi Ń Pe Ìlú Wa Ní Ìfárùngbọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ Adégbùsì, ọmọ a-rìn-jìnnà-má-gbàgbé-oyè, bí àgbà mẹ́ta nílé wa ṣe sọ ọ́ nìyí, níbi tí ọ̀rọ̀ wọn ti bára mu.

Nígbà tí wọ́n fi àbúrò Adégbùsì jọba, Adégbùsì kó ìdílé mẹ́sàn-án jáde nílé bàbá rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ń bọ odò sọ fún un pé: "Má fi abẹ kan irùngbọ̀n rẹ lójú ọ̀nà. Ibi tí ìwọ fúnra rẹ bá ti fá a, ibẹ̀ ni ìlú rẹ."

Ọdún méje ni wọ́n fi rìn. Irùngbọ̀n náà gùn dé àyà. Ní abúlé kan, àwọn èèyàn ń pariwo pé, "Ẹ wá wo òbúkọ tó ń da èèyàn bí ẹran!"

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ dá wọn lóhùn pé, "Òbúkọ tiyín ń jẹ èèpo iṣu, tèmi ń lọ jọba." Adégbùsì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi la odò kọjá.

Wọ́n dé àfonífojì kan, ilẹ̀ dúdú, omi tútù. Oyún Àwẹ̀ró ti pé oṣù mẹ́jọ. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú.

"Olówó orí mi, ẹ fá irùngbọ̀n yìí níbí."

"Mi ò tíì rí àmì kankan, Àwẹ̀ró."

"Àmì wo lẹ tún ń wá? Ṣebí abẹ ń bẹ nínú àpò yín."

"Fara dà á díẹ̀ sí i."

Ó rò pé òrìṣà yóò tún sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé ọwọ́ òun ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí.

Àwẹ̀ró dìde. Ní ọjọ́ kẹta, lórí òkè olókùúta tí kò lómi, ìrọbí mú un. Àti ìyá àti ọmọ, ìkankan kò yè.

Àṣà ilé wọn ni pé ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú gbọ́dọ̀ fá irùngbọ̀n kí wọ́n tó bo sàréè. Adégbùsì yọ abẹ. Bí irun náà ti ń bọ́ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó yé e, ó sì figbe ta. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n padà sí àfonífojì. Ó ní òun kò lè fi Àwẹ̀ró sílẹ̀ níbi tí agídí òun gbé e dé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe di ará orí òkè, tí à ń bá òkúta du iṣu.

Níbòmíràn, irùngbọ̀n ni irun àgbọ̀n ọkùnrin, ó parí. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí èèyàn ẹni bẹ̀bẹ̀ fún, tí a ní kó dúró ná, irùngbọ̀n lòun náà ń jẹ́. Títí dòní, bí obìnrin ìlú yìí bá bẹ ọkọ rẹ̀ tí kò gbọ́, kì í bá a jà. Yóò gbé abẹ àti omi síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í bèèrè ìdí. Yóò fá irùngbọ̀n rẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀, yóò sì dìde lọ ṣe ohun tí ó bẹ̀bẹ̀ fún.