Agẹmọ Tí Kò Pa Àwọ̀ Dà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé èjìká Agẹmọ, alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn Ọ̀pọ̀lọ́. Osùn ni wọ́n fi ń para; Agẹmọ náà a sì pọ́n bí osùn.

Ẹtu nà wọ́n. Agẹmọ kò pa àwọ̀ dà. Ìgbín pàápàá nà wọ́n! Agẹmọ fomijé kọrin:

Ọ̀pọ̀lọ́, ẹ dìde o,
*Tiyín ni mò ń ṣe.*
Bẹ́ ẹ ṣubú nígbà ọgọ́rùn-ún,
*Tiyín ni mò ń ṣe.*

Lẹ́ẹ̀kẹta, alátakò kò wá rárá. Àwọn Ọ̀pọ̀lọ́ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ti ara wọn. Agẹmọ bú wọn títí ohùn rẹ̀ fi há, síbẹ̀ pípọ́n ló pọ́n lọ sílé lórí ewé tútù. Ibẹ̀ ni Àṣá, tí í pa irú Agẹmọ jẹ, ti balẹ̀ níwájú rẹ̀.

"O rí mi, o ò sì di ewé?"

"Bàbá, bí mo bá di ewé lónìí, ta ló kù fún àwọn Ọ̀pọ̀lọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ, Àṣá ká èékánná kò, ó tẹrí ba.

"Láti ìgbà tí mo ti ń dọdẹ, n kò rí irú èyí rí. Ìgbà wo ni wọ́n tún ń gbá bọ́ọ̀lù?"

"Lọ́jọ́ ọjà."

"Ṣé wọn yóò borí?"

"Rárá, Bàbá. Ṣùgbọ́n àyè ìjókòó wà púpọ̀."