Ọ̀gá Àrá àti Òkété Igbó Ìbẹ̀rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó kọ́ ìlú kan sórí ayélujára. Kò sí bíríkì nínú ìlú náà, kò sì sí ilẹ̀. Eré ni. Inú fóònù àti kọ̀ǹpútà ni àwọn ènìyàn ti ń wọ̀ ọ́ láti ibi gbogbo. Wọn á gbé ọ̀pá ọlọ́fọ̀ lọ́wọ́, wọn á máa gbọ́ ohùn ara wọn, wọn á sì jọ máa rìn nínú igbó kan náà bí ẹni pé àdúgbò kan ni wọ́n jọ ń gbé.

Ètò eré náà kò le. Ogójì ìpele ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wà ní ìpele kìíní, ọfọ̀ kan ṣoṣo ló sì mọ̀, ọfọ̀ iná ìṣáná, tí agbára rẹ̀ kò ju ẹranko kékeré lọ. Bó bá ti ń pa ẹranko ni yóò máa gòkè, bó bá sì ti ń gòkè ni ọfọ̀ rẹ̀ yóò máa lágbára. Ẹni tó dé ìpele ogójì ló ń gba ọfọ̀ àrá. Yóò na ọ̀pá rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ohun tó ń mí nínú igbó yóò sì dùbúlẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èrò ya wọ ìlú náà. Nígbà tó di ọdún kejì, ó ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń wọlé kì í lò ju ọjọ́ méjì lọ kí wọ́n tó jáde. Ìlú tí àlejò kì í dúró sí kò ní pẹ́ di ahoro. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí nǹkan kò bá yí padà kí oṣù tó parí, òun yóò ti ibodè ìlú náà pa, òun yóò sì padà sídìí ṣọ́ọ̀kì.

Ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà Igbó Ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ẹni tuntun ti ń kọ́ṣẹ́, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń lé wọn. Nọ́ọ̀sì kan láti Ìkàrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó rí òkété kan, ó na ọ̀pá sí i. Kó tó pe ọfọ̀ rẹ̀ tán, àrá sán. Òkété kú, ẹfọ̀n kú, gbogbo igbó dákẹ́. Ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe ní Ṣàgámù ló dé. Ó ti wà ní ìpele ogójì tipẹ́, Ọ̀gá Àrá sì ni gbogbo wọn ń pè é. Ìwo ẹfọ̀n ló wá ṣà, tó fẹ́ fi ṣe ọ̀pá rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, òkété mi nìyẹn o," nọ́ọ̀sì náà wí.

"Òkété rẹ? Ṣé o kọ orúkọ sí i lára ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹyọ kan péré ni mo ń wá."

"Òmíràn á jáde lọ́la."

Nọ́ọ̀sì náà bínú jáde.

Ọkùnrin tó kọ́ ìlú náà kọ́kọ́ dín agbára ọfọ̀ àrá kù sí ìdajì. Àwọn àgbà eré fárígá. "Odidi ọdún kan ni mo fi gun òkè yìí," Ọ̀gá Àrá sọ fún un, "ẹ wá fẹ́ gé mi lápá nítorí àwọn tó dé lánàá?" Ọkùnrin náà dá agbára wọn padà. Ó wá fún àwọn ẹni tuntun ní ọfọ̀ àrá láti ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìlú fi dùn bí ọjọ́ ọdún. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Ẹni tó ti wà lórí òkè kó tó gbéra nílé, kí ló tún kù tó fẹ́ gùn? Ó gba ìyẹn náà padà.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí oṣù parí. Ọkùnrin náà jókòó, ó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, èrò sì gbé e lọ. Ó jẹ ẹ́ títí tó fi ń fi ìka nu abọ́. Ìyàwó rẹ̀ wo abọ́, ó wo ojú rẹ̀.

"Bàbá Tanímọ̀la, ẹja tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti jẹ ẹ́."

"Tegungun-tegungun?"

"Mi ò mọ ìgbà tó tán."

"Kò burú. Ẹni tó ń palẹ̀ abọ́ mọ́ nílé yìí ló ń jẹ èyí tó bá kù, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ dìde, ẹ lọ fọ abọ́ yín."

Ọkùnrin náà gbé abọ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó dúró. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ti abọ́ bọ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ ò tíì fọ̀ ọ́ o!" ni obìnrin náà ń pariwo tẹ̀lé e.

Ìwọ ọ̀gá akọrin ìjọ wa tó wá fi ẹjọ́ àwọn akọrin rẹ sùn mí, má tíì dìde. Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ.

Ọkùnrin náà kò bu agbára ẹnikẹ́ni kù, kò sì fi kún ti ẹnikẹ́ni. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe. Ohunkóhun tí ènìyàn bá pa, ẹrù rẹ̀ ni, yóò sì rù ú dé ọjà ìlú. Ẹni tó bá ru ẹrù kò lè na ọ̀pá, nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹni tuntun tó bá rí ẹran pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà yóò lè bá àgbà náà pín ẹrù rẹ̀ rù. Ó kọ òfin náà gàdàgbà sí ẹnu ibodè, ó sì ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ti bínú lọ pé kí wọ́n padà wá wò ó.

Ọ̀gá Àrá kò ka ohun tí wọ́n kọ sí ibodè. Àwọn àgbà kì í sábà kà á. Ó wọlé lọ́jọ́ kejì, ó na ọ̀pá, àrá sán. Ẹranko méjìlélọ́gọ́rin ṣubú. Kó tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti to ara wọn jọ sí i lórí, ẹrù náà sì ga ju igi lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sinmi. Ó gbé èkejì. Òkété kan tó ti sá pamọ́ nígbà tí àrá sán wá yọ jáde nínú ihò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú jẹ ní gìgísẹ̀. Ẹni ìpele ogójì kò lè na ọ̀pá sí òkété.

Nọ́ọ̀sì ará Ìkàrẹ́ ti padà dé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Ọ̀gá Àrá, ẹ kú ẹrù o!"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, jàre. Bá mi pa nǹkan yìí!"

"Ṣé ẹ kọ orúkọ sí i lára ni?"

Gbogbo igbó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Àrá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹrù sì ń mì lórí rẹ̀. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ yín. Òkété yín ni. Tiyín ni láti ọjọ́ yẹn."

Nọ́ọ̀sì náà pe ọfọ̀ iná ìṣáná. Òkété ṣubú. Ó bọ́ sí ìpele kejì, ó sì hó yèè débi pé ọkọ rẹ̀ sáré wọ yàrá wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gba díẹ̀ lára ẹrù náà, wọ́n sì jọ ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi dé ọjà.

Láti ìgbà náà, Ọ̀gá Àrá kì í na ọ̀pá láìbèèrè pé, "Ta ló fẹ́ gòkè lónìí?" Àrá rẹ̀ ṣì ń sán. Kì í na ọ̀pá sókè mọ́, ọ̀kánkán àwọn ẹfọ̀n ńlá ló ń na án sí, ó sì ń fi àwọn kéékèèké sílẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Oṣù parí, wọn kò ti ibodè ìlú náà. Àfi kí wọ́n fẹ̀ ẹ́.

Ó wá kàn ọ́, ọ̀gá akọrin. Ọlọ́run fi àrá sí ọ lọ́fun. Mi ò ní kí o rẹ ohùn rẹ sílẹ̀, mi ò sì ní kí o fa orin tó le jù lé ẹni tó dé lánàá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lò ń dá orin ìsìnkú, ìwọ lò ń dá ti ìgbéyàwó, ìwọ náà lò ń dá èyí tí a fi ń dáwó. O wá ń bi mí léèrè ìdí tí ènìyàn mẹ́rin péré fi wá kọ́ orin lọ́jọ́ Sátidé. Mo rí ọ lọ́jọ́ náà. Ìwọ nìkan lo to àga, ìwọ nìkan lo gbé dùùrù, òógùn sì bò ọ́.

Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ìkẹyìn orin tí ẹ ó kọ lọ́jọ́ náà ga, tìrẹ ni, sán an kí òrùlé mì. Ẹsẹ̀ kìíní kò ga. Fi í sílẹ̀ fún obìnrin tó ń jókòó sẹ́yìn, tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Bó bá kọ ọ́ tán, tí ìjọ hó fún un, fara balẹ̀ títí ìsìn yóò fi parí. Kí o wá wò ó bóyá òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ bá ọ di ẹ̀gbẹ́ kejì dùùrù mú.