Ìkòkò Aró Tí Awẹ̀ró Kò Fẹ́ Dà Nù

Ọmú kún, ẹnu gbẹ. Odò ń ṣàn, òùngbẹ ń pa ará etídò. Ọ̀rọ̀ tí owó ẹyọ sọ nìyí fún Awẹ̀ró, aláró ìlú Òkè-Ẹ̀lú, ní ọjọ́ tí ó ń fi omi ojú ṣèráhùn nítorí pé ọmọ tí ó bí fúnra rẹ̀ kọ ọmú rẹ̀.

Kì í ṣe pé ọmú gbẹ. Ọmú Awẹ̀ró wú dé abíyá, ó ń gbóná, wàrà sì ń kán sí ìró rẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbé ìkókó náà sí àyà, ọmọ á yí orí, á na ara gbọọrọ, á figbe ta. Wọ́n fún wàrà sí i lẹ́nu, ó tu ú dànù. Ìyá ọkọ rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ ní omi, ó bì í. Àwújẹ̀ orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìn, ẹkún rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ sí i. Ẹkún tí ń rẹlẹ̀ yìí ni ó já ìyá láyà jù, nítorí ọmọ tí ó ṣì ń ké tòò ṣì ní agbára.

Awẹ̀ró gbé ọmọ náà tọ Ọ̀ṣúngbèmí lọ, arúgbó tí ń bọ Ọ̀ṣun, tí ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ṣe àyẹ̀wò. Arúgbó da ẹyọ sórí àtẹ, ó wò ó pẹ́.

"Ọmọ rẹ kò kọ̀ ọ́," ni ó wí. "Ẹbọ kan ni ó wà ńlẹ̀. Ìkòkò aró rẹ tí ó wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, lọ dà á nù. Wẹ̀ lódò kí ara rẹ mọ́. Kí o wá gbé ọmọ sí àyà láìsí aṣọ láàárín yín, kí o má sì fọwọ́ kan aró títí oṣù tuntun yóò fi lé."

"Ìyá, ìyá tí ó bí mi ni ó fi ìkòkò yẹn sílẹ̀ fún mi."

"Mo gbọ́."

"A kò dà á gbẹ rí láti ayé rẹ̀. Èyí tí ó bá kù nísàlẹ̀ la fi ń po òmíràn, òun ni aró wa kì í fi í ṣá. Aṣọ tí a ó fi kó ọmọ yìí jáde wà nínú rẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n mú ewúrẹ́ wá."

"Èmi kọ́ ni mo dárúkọ ewúrẹ́," ni arúgbó wí.

Awẹ̀ró kò pe ẹyọ lékèé, kò sì fi arúgbó ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó ṣe burú ju ìyẹn lọ: ó fi ọgbọ́n ti ara rẹ̀ kún ẹbọ. Ó mú ewúrẹ́ wá, ó mú ẹyẹlé wá, ó mú aṣọ tí ó dára jù nínú àpótí rẹ̀ wá. Gbogbo ohun tí a kò ní kí ó rú ni ó rú. Ó tilẹ̀ wẹ̀ lódò. Nígbà tí ó délé, ó ní kí òun kàn yẹ aṣọ ìkómọ náà wò, kí ó má baà bàjẹ́. Ó ṣí ìkòkò, ó sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ẹ̀yin náà mọ òórùn aró tí ó ti gbó. Inú máa ń bí mi bí mo bá dé ibí yìí. Ènìyàn á rú ẹbọ tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á sì máa retí èrè èyí tí ó fi sílẹ̀.

Ọmọ náà kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọn ìbá sọ ọ́ lórúkọ. Aṣọ tí ó ti inú aró jáde, tí ó dú mìnìjọ̀, tí ó ń dán, òun ni wọ́n fi wé e. Kò sí orúkọ tí wọn yóò fi sunkún rẹ̀. "Ọmọ, ọmọ" ni Awẹ̀ró ń ké. Wàrà ń kán síbẹ̀, nítorí ara kì í tètè gbọ́ pé ọmọ ti lọ.

Nígbà tí ó pẹ́, Awẹ̀ró tún lóyún, ó tún bí ọkùnrin. Ọmọ náà tún yí orí. Ó ti gbà pé kádàrá ni ó mú èkínní lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fọwọ́ kan àwújẹ̀ èkejì, tí ó bá a pé ó ń jìn, ó sáré tọ Ọ̀ṣúngbèmí lọ. Kò mú nǹkan kan dání.

"Ìyá, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Arúgbó kò na ọwọ́ sí àtẹ. "Kí ni n ó tún da ẹyọ fún? Ẹbọ rẹ ṣì wà níbi tí o fi í sí, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀."

Awẹ̀ró kúnlẹ̀, ó fi orí kan ilẹ̀. "Ṣé aró ni ó pa èkínní?"

Ọ̀ṣúngbèmí fà á dìde. "Lọ rú èyí," ni ó wí. "Má bi mí ní ti èkínní."

Awẹ̀ró fi ọwọ́ ara rẹ̀ dojú ìkòkò ìyá rẹ̀ dé. Aró ṣàn gba àgbàlá kọjá, àwọn adìẹ sì fò sá. Ó sunkún ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ó lọ sódò, ó fi ọṣẹ àti kànìnkànìn họ ara títí awọ fi ń ta á, ó wọ yàrá, ó tẹ́ ọmọ sí àyà lásán. Ọmọ ké, ó na ara. Awẹ̀ró rò pé ó ti parí. Kò gbé e kúrò, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe.

Ìkókó kò tíì dá ojú ìyá rẹ̀ mọ̀. Imú ni ó fi ń wá a, òórùn ìkòkò ni ó sì ń bá pàdé láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tí ó yá, ẹkún náà dá. Imú kékeré náà ń rìn lórí àyà, ó ń wá, ó ń wá. Ẹnu là, ó gbá ọmú mú. Awẹ̀ró gbọ́ bí ó ṣe ń gbé wàrà mì.

Igbe tí ó ké mú kí ìyá ọkọ rẹ̀ sáré wọlé, tòun ti ọwọ́ lórí. Ó bá ọmọ tí ń mu ọmú.

"Ìyàwó mi, ó ń mu ún! Kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó, ìyá," ni Awẹ̀ró wí. "Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn tó."

Ní ọjọ́ ìkómọ, nígbà tí àgbà ilé bu omi tí ó ní kí ìyá ọmọ mú orúkọ wá, Awẹ̀ró ní, "Ẹ kọ́kọ́ sọ èkínní." Wọ́n wo ara wọn, nítorí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó gba omi lọ́wọ́ àgbà, ó ta á sílẹ̀, ó sì pe èkínní ní Ìbíyẹmí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ èkejì ní Rẹ̀mílẹ́kún.

Rẹ̀mílẹ́kún sanra, ó rìn, ó ní àbúrò. Awẹ̀ró po aró tuntun, ó sì là níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aró náà kò dú tó ti ìyá rẹ̀ mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí mo mọ̀, ẹni tí ó rúbọ ń jó ní ilé tirẹ̀, ẹni tí ó kọ ẹbọ ń ká ìka àbámọ̀ bọnu ní ilé tirẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Awẹ̀ró ni ó rú u, ó sì rí ire. Awẹ̀ró náà ni ó kọ̀ ọ́, ó sì kábàámọ̀. Kí a tó já Rẹ̀mílẹ́kún lẹ́nu ọmú, ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń mu ọmú kan, wàrà a máa kán láti inú ìkejì, Awẹ̀ró kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun nù ún; ó ní ti Ìbíyẹmí ni.