Ìjókòó Dùn, Ẹsẹ̀ Ò Kanlẹ̀

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Bí ẹ bá jí ire, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Bí ẹ bá jí pẹ̀lú ìrora, ọpẹ́ náà ni, nítorí Ẹni tó jí yín kò tíì sùn. Òun náà ló ń ṣọ́ wa lọ, tó ń ṣọ́ wa bọ̀. Ògo ni fún orúkọ rẹ̀.

Òwe kan wà tí wọ́n máa ń pa ní agbègbè Ìdí-Ayin: "Ìjókòó dùn, ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé tó gun orí àga àgbà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ọ̀kadà ni wọ́n ti bí òwe yìí, ẹkún ló sì bí i.

Oyèléké ni orúkọ ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ọlọ́kadà ni, kì í mutí, kì í sì í sáré àsápajúdé. Ṣùgbọ́n ó kúrú. Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í fi kíkúrú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní páàkì. Òun náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í dé inú.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù fún un lókè eèpẹ̀. Eegun ẹ̀yìn ń dààmú ìyá yìí, dókítà kan ní Ìṣẹ́yìn sì ti sọ fún wọn láìfi bò pé bí kò bá ń wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ, kò ní rìn mọ́. Láti Ìdí-Ayin dé Ìṣẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Mọ́tò akérò kì í gba ọ̀nà náà lásìkò òjò, àfi ọ̀kadà àti ọkọ̀ agégẹdú. Nígbà tí wọ́n ti ìrìn-àjò ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé, ìyá di ìbàdí mú, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó sì fi oríkì pe ọmọ rẹ̀.

"Àlàdé, ó tó gẹ́ẹ́. Kí ẹsẹ̀ kúkú rọ. Ìjókòó ọ̀kadà rẹ yìí á pa mí kí àìsàn tó pa mí. N ò lọ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún Oyèléké lọ́kàn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí páàkì, lábẹ́ igi ẹ̀mí, igi òrí, tí àwọn ọlọ́kadà máa ń jókòó sí bí èrò kò bá sí.

"Ẹ gbà mí o, ìyá mi ò lè jókòó pẹ́ mọ́. Kí ni kí n ṣe?"

Gbogbo ẹnu ló ṣí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Awọ àgbò ni!" Làmídì ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Tẹ́ ẹ sórí ìjókòó. Èmi fi lọ Ìlọrin, mo fi bọ̀, ìdí mi ò mọ̀ pé mo jáde nílé."

"Tìẹ, ṣé ìdí ni? Pátákó ni!" ni ẹnì kan dá a lóhùn, ẹ̀rín sì sọ.

Bàbá Tìámíyù, alága wọn, kò rẹ́rìn-ín. "Máa dúró fún un lójú ọ̀nà, Oyèléké. Kó sọ̀ kalẹ̀, kó nara, kó mumi, kẹ́ ẹ tó tún gbéra. Kò sí ìjókòó tó dára tó ìsinmi."

"A ó pẹ́, Bàbá."

"Ẹ ó dé."

"Ẹ jẹ́ kó fi fọ́ọ̀mù kún un jàre!" Làmídì tún já lu ọ̀rọ̀. "Fọ́ọ̀mù ibùsùn, ìpele méjì. Á dùn mọ́ ìyá, Oyèléké náà á sì ga bí ọmọ ènìyàn!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Bàbá Tìámíyù fa Oyèléké sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bó o bá máa fi fọ́ọ̀mù sí i, ti ẹ̀yìn nìkan ni kó o gbé sókè, díẹ̀ sì ni. Má fọwọ́ kan ti iwájú. Ẹsẹ̀ rẹ ò gùn, ọmọ mi. Ọ̀kadà tó ń sáré kì í bèèrè ẹsẹ̀. Ìgbà tó bá dúró ló ń wá a."

Oyèléké dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rán ìjókòó, ẹ̀rín páàkì ló ń dún létí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sókè, tiwájú tẹ̀yìn. Nígbà tó gùn ún gba iwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ bá tiwọn dọ́gba fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Bó bá dúró, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀. Ó rí i. Ó ní òun á mọ bí òun á ṣe máa ṣe é.

Lọ́jọ́ ìtọ́jú, ìyá jókòó, ó sì kígbe. "Àlàdé! Ṣé ọ̀kadà nìyí àbí ibùsùn? Bó bá rí báyìí, n ó máa lọ títí ara mi á fi yá." Orin ìyìn ló ń kọ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n dé ibi afárá kékeré kan tí òjò ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ agégẹdú kan ń bọ̀ wá pàdé wọn. Oyèléké kò sáré. Ó tẹ búrékì, ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó dúró kí ọkọ̀ náà lè kọjá. Ọ̀kadà tẹ̀ sí apá ọ̀tún díẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, kò rí i. Ibẹ̀ kàn rẹlẹ̀ ju ojú ọ̀nà lọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan péré. Wọ́n ṣubú jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ sùn, ọ̀kadà sì wó lé ìyá ní ìbàdí.

Eegun ìbàdí fọ́. Ìyá kò rìn mọ́. Ohun tí Oyèléké ń sá fún, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á wọlé.

Nígbà tí àwọn ọlọ́kadà wá wo ìyá níbi tó dùbúlẹ̀ sí, Làmídì wó kalẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó ń sunkún.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo ní kó fi fọ́ọ̀mù sí i. Ṣé ìjókòó yẹn ló burú ni?"

Ìyá wo ọmọ rẹ̀ tó fara ti ògiri, tí kò lè sún mọ́ ọn. Ó fẹ́ gbà á sílẹ̀.

"Rárá o. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá ọmọ mi wí. Ìjókòó dùn. Ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀ ni."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ta ọfà. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá náà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyá sùn nínú Olúwa.

Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ní páàkì, ẹni tó pa oko rẹ̀ tì, tó kẹ̀yìn sí àwọn ẹbí rẹ̀, tó lọ ń gbé ilé olówó kan nílùú ńlá. Wọ́n ní ẹran ló fi ń jẹ oúnjẹ àárọ̀. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu Làmídì kó tó rò ó.

"Hùn. Ìjókòó dùn, ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀."

Oyèléké wà láàárín wọn.

"Làmídì!" Ohùn Bàbá Tìámíyù le. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ mọ́ ní páàkì yìí."

Oyèléké gun orí ọ̀kadà rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́, Bàbá," ló wí. "Ẹ̀yin sọ tèmi fún mi, n ò gbọ́. Bóyá ẹlòmíì á gbọ́ tiẹ̀ kó tó gbéra."

Ó ta ọ̀kadà rẹ̀ nípàá, ó gbé èrò lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di òwe. Bí ẹ bá rí ẹni tí ìgbádùn gbé kúrò lórí ohun tí ìbá gbà á dúró lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ṣubú, ẹ rọra pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wí fún un: ìjókòó dùn, ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí Olúwa má gba adùn lọ́wọ́ rẹ, kí ó má sì jẹ́ kí adùn gba ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ. Níbi tí ẹsẹ̀ tìrẹ ò bá tó, kí ọwọ́ rẹ̀ gbà ọ́ dúró. Àmín.