Àrọ̀ Tí Wọ́n Dá Padà Sódò

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ́dún tí odò fà, àwọn apẹja abúlé kan ń fi àwọ̀n olójú wẹẹrẹ kó àrọ̀ tọmọ tìyá. Dérónkẹ́, ìyàwó apẹja kan, rí i pé ẹyin kún ikùn àwọn tí ọkọ rẹ̀ gbé dé láàyè.

Ó ní, "Bàbá Ṣíjúwadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá wọn padà. Bí a bá kó ìyá tán, kí la ó jẹ lẹ́ẹ̀mí-ìn?"

Ọkọ rẹ̀ dá wọn padà, ó sì bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí odò sinmi. Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Lọ́dún kejì, òjò rọ̀, àrọ̀ ńlá ńlá kún àwọ̀n wọn. Olórí apẹja fọwọ́ ara rẹ̀ gbé èyí tó tóbi jù wá fún Dérónkẹ́.

Ó ní, "Ìyá Ṣíjúwadé, a dúpẹ́. Ọmọ wa náà yóò bá ẹja nínú odò yìí."