Fi Ẹ̀dọ̀ Lé Orí Òróǹro

Bí inú bá ń bí ènìyàn, àwọn àgbà a ní kó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro. Ibòmíràn, òróòro ni wọ́n ń pè é, nǹkan kan náà ni. Kí wá ni ẹ̀dọ̀ ń wá lórí ohun tó korò tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí.

Àwẹ̀ró ni ìyàwó Ọdẹ́bùnmi, ọdẹ kan ní Òkè-Èépò. Òdìkejì odò ni wọ́n ti gbé e wá, èdè ibẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ilé ọkọ. Kò tí ì pẹ́ tó délé tí àìsàn fi dá ìyá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ó ní ẹ̀dọ̀ ẹtu ló ń wu òun jẹ. Ọdẹ́bùnmi wọgbó lọ, ó pa ẹtu, ó gbé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìyàwó.

"Yọ òróǹro ara rẹ̀ kí o tó sè é."

Àwẹ̀ró kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, ojú sì ń tì í láti béèrè. Ó rò ó títí, ó ní òróró ni yóò jẹ́. Ló bá ń fi ọ̀bẹ họ ọ̀rá ara ẹ̀dọ̀ náà. Ọ̀bẹ gún àpò kékeré kan tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, àpò náà bẹ́, omi inú rẹ̀ ta sára ẹ̀dọ̀, ó sì sè é bẹ́ẹ̀.

Ìyá fi ẹ̀dọ̀ kan ẹnu, ó korò, ó tu ú jáde. Ọdẹ́bùnmi náà tọ́ ọ wò.

"Ṣé o fẹ́ pa ìyá mi ni? Palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, kí o máa lọ sílé bàbá rẹ."

Àwẹ̀ró ń di ẹrù. Ó mọ̀ pé obìnrin tí wọ́n bá lé wálé nítorí májèlé, kò sí ẹni tí yóò tún fẹ́ ẹ.

Ìyá ló pè é. "Àwẹ̀ró, kí ni ọkọ rẹ ní kí o yọ?"

"Òróró ni, Ìyá. Mo họ gbogbo ọ̀rá rẹ̀ kúrò."

"Ohun kíkorò inú ẹran ńkọ́? Kí lẹ ń pè é lọ́dọ̀ yín?"

"Ìkorò ni, Ìyá."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ọdẹ́bùnmi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹtu yìí ni òróǹro ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀ tí ẹran kò fi korò, àfìgbà tí ọ̀bẹ kàn án. Ìwọ ti jẹ́ kí tìrẹ bẹ́ kí o tó béèrè ọ̀rọ̀. Fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro, ọmọ mi."

Ìtìjú mú Ọdẹ́bùnmi. Ó gba ẹrù lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó gbé e padà sí yàrá, ó sì jókòó tì í.

"Ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Kí lẹ ń pè é lọ́dọ̀ yín?"

"Ẹ̀dọ̀ náà ni."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún ẹni tínú ń bí pé kó bo ìkorò rẹ̀ ná, kó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Kó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro.